Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọjú: ta ni oògùn kàn, ta ni àtúnṣe oúnjẹ àti ìrìn lè tó fún?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń lọ láti ẹgbẹ́ WhatsApp kan dé òmíràn láàárín àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Abuja, láti Kubwa títí dé Gwagwalada: bí ẹ̀rọ bá sọ pé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ́ 138 lórí 86, ṣé ara onítọ̀hún dá ni, àbí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Àwọn kan ní dókítà àwọn sọ pé kí àwọn fọkàn balẹ̀, nítorí kò tíì dé 140. Àwọn mìíràn ń pín àtẹ kan tí wọ́n rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ka irú iye bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀ ríru ìpele kìn-ín-ní. Àwọn ìkẹta sì ń kìlọ̀ pé ẹni tó bá fẹnu kan oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní lè fi í sílẹ̀ mọ́, pé ó sàn kí ènìyàn máa mu zobo. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò parọ́, ìlànà tí wọ́n ń kà ni kò jọra. Ti àwọn ìkẹta ni ó gba àlàyé gígùn, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ewu púpọ̀ sí.

Kí ni nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ ń sọ?

Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara iṣan tó ń gbé e kiri nígbà tí ọkàn bá fún pọ̀ láti tú u jáde. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá sinmi kí ó tó tún lù. Bí agbára yìí bá pọ̀ jù fún ọdún pípẹ́, ara iṣan á nípọn, á sì le, ọkàn á máa ṣiṣẹ́ kọjá bó ti yẹ, àwọn iṣan wẹ́wẹ́ inú kíndìnrín àti ti inú ojú á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí rọpárọsẹ̀, àìsàn ọkàn tàbí àìsàn kíndìnrín yóò fi dé lọ́jọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí. Kì í sábà fa ẹ̀fọ́rí, kì í sì í sábà mú kí òòyì kọ́ni. Ẹni tó ń dúró de àmì kí ó tó lọ yẹ ara rẹ̀ wò lè dúró títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Ibi tí ìlà ààlà wà ni àwọn onímọ̀ kò ti fohùn ṣọ̀kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde ní ọdún 2021, fi ẹ̀jẹ̀ ríru sí 140 lórí 90 sókè. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé pe 140 sí 159 lókè, tàbí 90 sí 99 nísàlẹ̀, ní ìpele kìn-ín-ní nínú ìlànà wọn ti ọdún 2020, èyí sì ni ọ̀pọ̀ dókítà ní Nàìjíríà ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tíì le. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017, 130 lórí 80 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìpele kìn-ín-ní, ìlànà tuntun wọn tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 kò sì yí ìyẹn padà. Àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù gba àárín lọ ní ọdún 2024: wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ ní 140 lórí 90, ṣùgbọ́n wọ́n ya ìpele kan sọ́tọ̀ fún ìfúnpá tó bá wà láàárín 120 sí 139 lókè, tàbí 70 sí 89 nísàlẹ̀, pé ó ti ròkè, ó sì gba àmójútó. Ẹni tó bá ní 138 lórí 86, bí ó ṣe wà náà ni ó wà, orúkọ tí wọ́n ń pè é ni ó ń yí padà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn.

Kí ló dé tí wọ́n fi sún ìlà náà wálẹ̀?

Ìwádìí ọjọ́ pípẹ́ ti fi hàn pé ewu kò dúró de 140 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nínú àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2002, láàárín àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún, ewu ikú láti ọwọ́ rọpárọsẹ̀ àti àìsàn ọkàn ti ń gòkè láti nǹkan bí 115 lórí 75, ó sì ń di ìlọ́po méjì bí nọ́ńbà òkè bá fi 20 lé sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìwádìí SPRINT dé ní ọdún 2015 ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn 9,361 tí ewu àìsàn ọkàn wọn pọ̀ ṣùgbọ́n tí wọn kò ní ìtọ̀ ṣúgà. Wọ́n fa ìfúnpá àwọn kan wálẹ̀ sí abẹ́ 120, wọ́n fi ti àwọn yòókù sí abẹ́ 140. Ìkọlù ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti irú wọn fi nǹkan bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n dídákú, ìfúnpá tó já wálẹ̀ jù àti ìpalára kíndìnrín pọ̀ láàárín wọn ju ti àwọn kejì lọ. Ní ọdún 2021, àwọn olùwádìí kó àbájáde ìdánwò 48 pọ̀, tó kan ènìyàn 344,716, wọ́n sì rí i pé bí oògùn bá fi 5 péré dín nọ́ńbà òkè kù, ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú inú ọkàn àti iṣan á fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, yálà ìfúnpá ẹni náà ga tẹ́lẹ̀ tàbí kò fi bẹ́ẹ̀ ga.

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn náà ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ Cochrane, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ títún ìdánwò ìṣègùn yẹ̀ wò, wo àwọn 8,912 tí ìfúnpá wọn wà láàárín 140 sí 159 tí wọn kò sì ní àìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, kò hàn pé ikú dín kù láàárín àwọn tó lo oògùn, àwọn bí mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún sì dá a dúró nítorí ohun tó ń ṣe wọ́n lára. Àwọn alátakò èsì yìí ní ọdún kéré, ènìyàn kò sì pọ̀ tó láti fi òpin sí ọ̀rọ̀ náà. Àyẹ̀wò mìíràn tó jáde ní ọdún 2015 lórí ìpele kan náà rí i pé rọpárọsẹ̀ àti ikú dín kù. Ní Amẹ́ríkà gan-an, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìdílé kọ̀ láti fọwọ́ sí ìlànà ọdún 2017, wọ́n dúró lórí 140 lórí 90. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí a má sáré fún ènìyàn ní oògùn kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀, ẹni tó bá ní kí a tètè bẹ̀rẹ̀ kò sì polówó fún àwọn tó ń ta oògùn. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wọ̀n ni iye ènìyàn tí a óò gbà lọ́wọ́ rọpárọsẹ̀ àti iye ènìyàn tí yóò máa gbé oògùn mì lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ó kàn wọ́n.

Ṣé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde tilẹ̀ ṣeé gbára lé?

Ibí yìí ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ẹ wo bí wọ́n ti ń yẹ ènìyàn wò lábẹ́ kánópì lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá kan sáré sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ní Berger, ó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, ó jókòó sórí àga oníke tí kò ní ẹ̀yìn, wọ́n we aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá lórí apá aṣọ bùbá rẹ̀, apá náà ń rọ̀ dirodiro sí ìsàlẹ̀, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ owó epo bẹntiróòlù títí ẹ̀rọ fi pariwo. Ó di 152 lórí 94. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe yẹn, kò sí ọ̀kan tí kò lè fi nọ́ńbà kún iye gidi. Bí ó ṣe yẹ ni pé kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ láìkọ́ra, kí wọ́n ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí apá náà sinmi lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú ọkàn, kí aṣọ ẹ̀rọ gba ìwọ̀n apá rẹ̀ nítorí èyí tó bá fún apá ńlá jù á gbé nọ́ńbà sókè, kí ó sì ti ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tó ti mu kọfí tàbí sìgá. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n tún un wọ̀n.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bí nọ́ńbà kò bá ga tó èyí tó ń dẹ́rù bani, ó kéré tán, ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn máa ń fò sókè kìkì nígbà tí wọ́n bá rí aṣọ funfun dókítà, tí ó sì máa ń dára nílé. Àwọn mìíràn wà tí ti ilé ìwòsàn dára ṣùgbọ́n tí ti ilé kò dára, àwọn wọ̀nyí ni ewu wọn sì fara sin jù. Ẹ̀rọ tí ènìyàn fi ń wọ̀n nílé, tó ń wé mọ́ òkè apá, kì í ṣe ọrùn ọwọ́, ló ń tú àṣírí méjèèjì. Kí ẹni náà fi í wọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú ìwé náà lọ bá dókítà.

Ta ni kò yẹ kó fi oògùn dúró?

Gbogbo ìlànà ló fohùn ṣọ̀kan lórí èyí, ó sì yà mí lẹ́nu pé ibi tí wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan gan-an ni kì í dé orí WhatsApp. Nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń pinnu. Ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn rí, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń jó rẹ̀yìn tàbí tí purotéènì ń jáde nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sí nínú àwọn tí a óò sọ fún pé kí wọ́n lọ máa rìn fún oṣù mẹ́fà ná. Fún ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti iṣan tẹ́lẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí oògùn bẹ̀rẹ̀ láti 130, ó sì ní a lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn kíndìnrín. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń bèèrè fún àyẹ̀wò ìtọ̀, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kíndìnrín, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti ti ọkàn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó ni wọ́n fẹ́ fi gbà lọ́wọ́ àwọn, bẹ́ẹ̀ àwọn àyẹ̀wò yìí ló máa sọ bóyá a lè dúró tàbí a kò lè dúró.

Fún ẹni tí kò ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, tí ìfúnpá rẹ̀ wà láàárín 140 sí 159, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Ìlànà ẹgbẹ́ àgbáyé ti ọdún 2020 gbà pé a lè kọ́kọ́ fi oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà tún oúnjẹ àti ìrìn ṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tiwọn fẹ́ kí oògùn bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀ dájú. Amẹ́ríkà fún ẹni tó wà láàárín 130 sí 139 tí ewu rẹ̀ kéré ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kan náà, bí kò bá sì wálẹ̀ sí abẹ́ 130 lórí 80 lẹ́yìn ìyẹn, oògùn yá. Láti 160 lórí 100 sókè, kò sí àríyànjiyàn mọ́. Bí ó bá wá lé ní 180 lórí 120 tí àyà sì ń dun ènìyàn, tí ẹ̀gbẹ́ ara kan ń kú, tí ojú ń ṣú tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní wàràǹsesà. Aláboyún ní ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí àwọn oògùn kan tí àwọn yòókù ń lò lè pa ọmọ inú lára.

Kí ni àtúnṣe ìgbé-ayé lè ṣe, ibo ni agbára rẹ̀ mọ?

Ó lè ṣe púpọ̀ ju bí àwọn tó ń fojú tín-ín-rín rẹ̀ ti rò. Ìdánwò oúnjẹ tí wọ́n pè ní DASH, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1997 ní Amẹ́ríkà, fún àwọn ènìyàn ní èso, ẹ̀fọ́ àti wàrà tí ọ̀rá rẹ̀ kò pọ̀, ó sì dín ọ̀rá kù nínú oúnjẹ wọn. Láàárín àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 11 wálẹ̀, ti ìsàlẹ̀ fi 5 àbọ̀ wálẹ̀, èyí tó súnmọ́ iṣẹ́ oògùn kan. Kò sí ohun tó ṣòro nínú oúnjẹ náà fún ẹni tó ń ná ọjà Wuse tàbí ọjà Garki: ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ, ọsàn. Ẹni tó bá sanra, kílò kọ̀ọ̀kan tó bá jò dànù sábà máa ń mú nǹkan bí oókan kúrò lára nọ́ńbà òkè. Ìrìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ lè mú 5 sí 8 kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń lo wákàtí mẹ́rin nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láàárín Mararaba àti ibi iṣẹ́ yóò ní láti já àkókò náà gbà níbi kan. Dídín ọtí kù náà ń ṣèrànwọ́. Sìgá yàtọ̀ díẹ̀: fífi í sílẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìfúnpá wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba ọkàn là ju ọ̀pọ̀ oògùn lọ.

Iyọ̀ ni kókó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má tó gíráàmù 5 lóòjọ́ fún àgbàlagbà, ìyẹn kò kún síbí tíì kan, pẹ̀lú gbogbo èyí tó ti wà nínú oúnjẹ kí ó tó dé ilé. Ẹ dúró ti ìyá tó ń se ọbẹ̀ ata: ó bu iyọ̀ sí i, ó fọ́ Magi mẹ́ta sí i, ẹran tí ó kó sínú rẹ̀ ti jẹ iyọ̀ àti Magi nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ọ́, ewédú tí yóò bá a rìn ti gba káún. Káún tí àwọn Hausa ń pè ní kanwa kún fún sódíọ̀mù, ohun kan náà tó ń mú kí iyọ̀ gbé ìfúnpá sókè, nítorí náà ẹni tó sọ pé òun ti fi iyọ̀ sílẹ̀ tó sì ń fi káún se ẹ̀wà àti ewédú kò tíì fi í sílẹ̀ tán. Súyà, kílíṣí, búrẹ́dì àti indomie náà wà níbẹ̀. Ohun tí ó rọrùn jù ni láti dín Magi kù díẹ̀díẹ̀ kí irú, ata, àlùbọ́sà àti atalẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ahọ́n á mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iyọ̀ mìíràn wà tí wọ́n fi pòtásíọ̀mù rọ́pò apá kan sódíọ̀mù inú rẹ̀. Nínú ìdánwò kan ní abúlé 600 ní Ṣáínà, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ó fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín rọpárọsẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ lò ó láìbi dókítà, pòtásíọ̀mù lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Zobo ńkọ́? Nínú ìdánwò kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010, àwọn 65 tí ìfúnpá wọn ròkè díẹ̀ ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 7 wálẹ̀ láàárín àwọn tó mu ún, ó sì fi oókan ó lé díẹ̀ wálẹ̀ láàárín àwọn tí wọ́n fún ní omi tó jọ ọ́ lẹ́nu. Ìyẹn ni òótọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń polówó rẹ̀. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé ènìyàn díẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, kò sì sí ẹ̀rí pé ó ń dènà rọpárọsẹ̀ bí oògùn ti ń dènà rẹ̀. Zobo inú ike tí wọ́n da ṣúgà sí bí omi kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣe ìdánwò.

Bí oògùn bá wá kàn, èwo ni, ṣé títí ayé ni?

Lórí ìbéèrè yìí, Abuja kì í ṣe ẹ̀yìn odi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Abuja wà lára àwọn tó darí ìwádìí CREOLE, tó jáde ní ọdún 2019, lórí àwọn aláwọ̀ dúdú 728 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n rí i pé oògùn méjì papọ̀ tí amlodipine bá wà nínú wọn, yálà pẹ̀lú hydrochlorothiazide, èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, tàbí pẹ̀lú perindopril, ń fa ìfúnpá wálẹ̀ ju perindopril àti hydrochlorothiazide lọ. Òun náà ló ṣáájú ìwádìí tó jáde ní ọdún 2024 lórí hóró kan ṣoṣo tí wọ́n kó oògùn mẹ́ta sí ní ìwọ̀n kékeré, pẹ̀lú àwọn 300 ní Nàìjíríà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nọ́ńbà òkè tí wọ́n wọ̀n nílé fi 31 wálẹ̀ pẹ̀lú hóró yìí, ó sì fi 26 wálẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú tó wọ́pọ̀. Àwọn tó ń ṣàtìlẹ́yìn fún un ní hóró kan rọrùn láti rántí ju mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń ṣiyè méjì ní oògùn mẹ́ta lè pọ̀ jù fún ẹni tí tirẹ̀ kò tíì le.

Gbogbo oògùn ló ní ohun tó ń bá a rìn. Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú. Lisinopril àti àwọn ẹbí rẹ̀ lè fa ikọ́ gbígbẹ, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó sì lè mú kí ètè tàbí ahọ́n wú, èyí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ tó sì jẹ́ ọ̀ràn ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀ lè dín pòtásíọ̀mù kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a lè pààrọ̀ oògùn tàbí dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ìyẹn ni ohun tó yẹ kí ènìyàn bèèrè dípò kí ó jù ú sínú dírọ́ọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Lórí títí ayé: oògùn wọ̀nyí kì í di bárakú. Ohun tó ń mú kí ìfúnpá padà gòkè bí a bá dá a dúró ni pé ohun tó fà á kò tíì lọ. Ẹni tó ti jò, tó ti dín iyọ̀ kù, tó sì ń rìn, dókítà lè dín oògùn rẹ̀ kù, ó tilẹ̀ lè dá a dúró fún àwọn díẹ̀ kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Àtúnṣe ìgbé-ayé àti oògùn kì í ṣe ọ̀nà méjì tí ènìyàn ń yan ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tó sì ń ṣe àtúnṣe sábà máa ń lo èyí tí kò pọ̀.

Kí ló wà nílẹ̀ fún ẹni tó ń gbé ní Abuja?

Àgbéyẹ̀wò kan tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé nǹkan bí ìdá 32 àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọdún 2020, pé nínú wọn, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in jẹ́ ìdá 29, àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹ́ ìdá 12, àwọn tí tiwọn sì wà ní ìkáwọ́ kò pé ìdá mẹ́ta. Nígbà tí a bá gbé iye yìí yẹ̀ wò, àríyànjiyàn lórí 130 àti 140 kéré sí ti àwọn tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọ̀n rí.

Owó ni ìdènà ńlá. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá ìwọ̀n ara rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, tí àwọn ilé iṣẹ́ oògùn ńlá kan sì fi Nàìjíríà sílẹ̀ lọ́dún kan náà, oògùn tí ènìyàn ń rà lójoojúmọ́ ti wọ́n gan-an, àwọn kan sì ń mu ún ní ọjọ́ kan kí wọ́n fo ọjọ́ kejì kí ó lè pẹ́. Ní olú ìlú yìí, ilé ìlera alábọ́dé ìjọba 60 wọnú ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2020, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ti ń wọn ìfúnpá, tí wọ́n ń kọ ọ́ sí káàdì, tí wọ́n sì ń fún ènìyàn ní oògùn lórí ìlànà tí a kọ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ó di dandan kí ó kọ́kọ́ rí dókítà àgbà. Àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé àṣìṣe lè wọ̀ ọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé fara mọ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀kọ́ àti àbójútó bá wà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, oṣooṣù ni kí ó padà wá títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi wà ní ìkáwọ́, lẹ́yìn náà ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ó sì kó gbogbo ohun tó ń lò lọ́wọ́, títí kan àgbo inú ike, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè rí i.